Ohun Tí Ìka Tẹ̀ Kì Í Ṣe Nọ́ńbà

Ẹ̀yin ọmọ tó ń wá bi mí bóyá iṣẹ́ fóònù ṣì jẹ́ iṣẹ́ téèyàn lè fi ayé rẹ̀ ṣe, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ kékeré náà ti ní fóònù lápò báyìí, ẹ jókòó. Èmi Sìdíkátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Lomé, iṣẹ́ fóònù ni mo ṣe láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé ìwé títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mi ò ta aṣọ bíi ti ìyá mi, mi ò sì kábàámọ̀. Ẹni tó bá ń wá iṣẹ́ tó máa fi gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, kó yáa gba ibòmíì lọ. Ohun kan ṣoṣo ló wà nídìí iṣẹ́ tí mo ṣe: ẹni tí wọ́n ń pè gbọ́dọ̀ gbọ́. Ọjọ́ kan wà tí ẹni tí wọ́n ń pè kò gbọ́, inú ẹbí mi sì ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ kò lẹ́jọ́ nínú. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní àdúgbò Tokoin ní Lomé ń wá ọmọbìnrin tó gbọ́ Faransé àti Mina dáadáa, tó sì tún lè bá àwọn aláìsàn tó ń ti Nàìjíríà wá sọ Yorùbá. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù wọn kò burú, kò sì dáa, ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀. Ìyá mi ló bínú. Ó ní, "Wàá lọ jókòó síbì kan, wáyà á wà létí ẹ, wàá máa dá sọ̀rọ̀ bíi wèrè? Ta ló máa fẹ́ ẹ?" Ẹni tó fẹ́ mi náà, nígbà tó yá, ẹ̀fẹ̀ ni òun fi í ṣe. Ó ní bí mo bá ti sùn lọ tán ni màá máa sọ pé, "Àlóò, ẹ dúró lórí ìlà."

Obìnrin tó kọ́ mi níṣẹ́, Tásì Ablá ni gbogbo wa ń pè é. Tásì ni àwọn Mina ń pe arábìnrin bàbá wọn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹbí ẹnì kankan nínú wa. Ọ̀wọ̀ ni a fi ń bù fún un. Bàtà tí kì í dún ló máa ń wọ̀. Wàá rò pé o dá wà nínú yàrá ni, ohùn rẹ̀ á kàn dún lẹ́yìn rẹ. Yàrá iṣẹ́ wa kò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ, sítáńdà ló sì gba ibẹ̀ tán: pátákó ńlá tó kún fún ihò, tó ní àwọn okùn tó ní irin lẹ́nu. Bí iná kékeré kan bá ti tàn, ẹnì kan ń pè nìyẹn. Wàá ki okùn bọ ihò rẹ̀, wàá bi í pé ta ló fẹ́, wàá wá ki okùn kejì bọ ihò ẹni yẹn. Bí o bá ṣi ihò, ọkùnrin tó fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ kú ewu ọmọ á máa kí àwọn tó ń fọ aṣọ.

Tásì Ablá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan okùn títí òjò fi rọ̀ tó tún dá. Ó ní kí n jókòó kí n máa gbọ́. Lọ́jọ́ tó gbà pé kí n bẹ̀rẹ̀, dókítà kan pè láti yàrá rẹ̀, ó ní fóònù yàrá òun kò jẹ́ kí òun jáde síta, kí n bá òun tẹ òdo, kí n wá tẹ báyìí báyìí. Mo ti na ìka síbi tí a ti ń tẹ nọ́ńbà. Rúlà Tásì ló kọ́kọ́ bà mí lọ́wọ́.

"Ta ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀?"

"Mi ò mọ̀, Tásì."

"Níbo lẹni náà wà?"

"Mi ò mọ̀."

"Kí wá lo fẹ́ tẹ̀?"

"Ohun tó kà fún mi ni."

"Ohun tó kà fún ẹ, ohun tí ìka ẹ̀ máa ń tẹ̀ ní yàrá ẹ̀ ni. Ìyẹn kì í ṣe nọ́ńbà! Òdo yẹn, òun ló fi ń jáde nílé wa. Ìwọ tí o ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, níbo lo tún fẹ́ jáde lọ? Dìde, lọ fọ kọ́ọ̀bù."

Mo fọ kọ́ọ̀bù, mo sunkún sí i. Mo rò pé ó kórìíra mi ni. Àbí kí ni òdo kan ṣoṣo já mọ́? Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń fọ̀ ọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń yé mi. Ẹni tó ń ti Sanguéra bọ̀ àti ẹni tó ń ti Aflao-Gakli bọ̀ kò lè gba ọ̀nà kan náà dé Tokoin, síbẹ̀ ilé ìwòsàn kò kúrò níbi tó wà. Nọ́ńbà ni ibi tí ilé wà. Ohun tí ìka tẹ̀ ni ọ̀nà tí o gbà, ibi tí o dúró sí ló sì ń sọ ọ̀nà tí o máa gbà. Ẹni tó wà ní yàrá dókítà gbọ́dọ̀ tẹ òdo kó tó bọ́ síta. Ẹni tó wà lọ́jà kò nílò rẹ̀. Bí o bá kó ọ̀nà ẹnì kan fún ẹlòmíì, o ti sọ ọ́ nù nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n tẹ nǹkan, màá kọ́kọ́ bi í léèrè pé ta ló fẹ́, níbo lẹni náà wà. Àwọn dókítà mìíràn ń pè mí ní ọlọ́pàá. 

Ẹ̀gbọ́n mi Bùràímọ̀ ló jẹ́ kí n rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí yàrá sítáńdà. Aṣọ ló ń tà lọ́jà, ó sì máa ń lọ sí Èkó déédéé. Nígbà tó fa fóònù sí ìsọ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà náà gàdàgbà sókè ilẹ̀kùn, gẹ́gẹ́ bí àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Èkó ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Láti Nàìjíríà, 009 ni wọ́n fi ń jáde nílẹ̀ wọn, wọ́n á wá tẹ 228 tó jẹ́ ti Togo, kó tó wá kan ti ìsọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kó gbogbo ẹ̀ sórí pátákó! Èkó ń pè é wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀. Ará Lomé kan kò pè é rí. Àwọn tó gbìyànjú ní ẹnì kan tó ń sọ èdè tí kò yé àwọn ló gbé e.

Bùràímọ̀ bá gbà pé ọ̀tá ti ṣe nǹkan sí fóònù òun. Ó ti ń wá ààfáà tó máa ṣàdúà sí i nígbà tí mo débẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí pátákó, mo rẹ́rìn-ín títí gèlè mi fi tú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, fóònù yín ò lọ́tàá. Ọ̀nà ará Èkó lẹ kọ síbẹ̀, ẹ wá ní kí ará Tokoin máa gbà á bọ̀."

"Ṣé nọ́ńbà mi kọ́ nìyẹn?"

"Ti Èkó ni. Níbí, òdo méjì ló ń mú èèyàn jáde ní Togo. Ẹni tó bá tẹ ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, òdo méjì ti gbé e jáde, mẹ́sàn-án àti méjì tó tẹ̀ lé e á wá gbé e lọ sí Pakistan."

"Pakistan kẹ̀!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n máa lọ."

Ó ní kí wọ́n pa á rẹ́, wọ́n tún un kọ. Láti ìgbà náà ló ti ń pè mí ní Ìyá Pakistan, níwájú ẹni gbogbo, títí kan ọjọ́ ìgbéyàwó mi. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan, Múnírátù, ọ̀dọ̀ mi ló dàgbà sí nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Èmi ló ń pè ní Màmá. Òun náà kọ́ láti máa pè mí ní Ìyá Pakistan bó bá fẹ́ kí n fún òun ní nǹkan.

Ayé ń yí, irinṣẹ́ ń yí. Wọ́n tú sítáńdà palẹ̀, wọ́n kó àwọn okùn lọ. Àpótí kan ni wọ́n kàn mọ́ ògiri dípò rẹ̀, wọ́n wá pín fóònù oníbọ́tìnnì fún gbogbo ẹ̀ka. Orúkọ dókítà kọ̀ọ̀kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnnì tirẹ̀. O tẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ á bá ọ tẹ ìyókù: á tẹ òdo, á dúró díẹ̀ kí ìlà ìta dún, á wá tẹ nọ́ńbà. Ẹ̀rọ náà ń ṣe bí ìka ṣe ń ṣe, ohun tí ìka ń tẹ̀ nìkan ló wà lórí rẹ̀. Tásì Ablá lò ó fúngbà díẹ̀, ó fẹ̀yìn tì, ó lọ sí Aného, ó sì fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún mi. Nọ́ńbà Togo gùn sí i. Fóònù alágbèéká dé, àmì àròpọ̀ sì bá a dé. Bí o bá kọ àmì àròpọ̀ síwájú 228, ibikíbi tí o bá wà láyé, fóònù rẹ á mọ bó ṣe máa jáde níbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni nọ́ńbà gidi. Inú mi dùn nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, àfi bíi pé ẹnì kan ti gbọ́ ohun tí Tásì ń pariwo.

Nígbà tó yá, ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa ní a fẹ́ máa gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì pe fóònù. Ilé iṣẹ́ kan rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan sí wa, Kọ́mlá lorúkọ rẹ̀. Ọmọ tó mọṣẹ́ ni, kò sì gbéra ga. Ó bá mi jókòó, ó pè mí ní Tántì, bí wọ́n ṣe ń pe àǹtí ní Lomé, ó ní, "Tántì, fóònù yìí, àdírẹ́sì ló ń lò bíi ti lẹ́tà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Nọ́ńbà ẹni tẹ́ ẹ̀ ń pè á wà níwájú, ilé tó ń gbé ìpè náà á tẹ̀ lé e."

Mo ní, "Ó dáa. Àwọn tó wà nínú àpótí àtijọ́ ńkọ́? Ohun tí ìka ń tẹ̀ ló wà níbẹ̀ o, gbogbo wọn ló ní òdo lórí."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Tántì, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi mí nírú ìbéèrè yẹn. Àmì wà tí a lè fi sára àdírẹ́sì tó máa sọ fún ẹ̀rọ pé ohun tí wọ́n tẹ̀ nìyí, kì í ṣe nọ́ńbà. Èmi náà máa yà wọ́n sọ́tọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ì bá ti ṣe é. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ rẹ̀ rán an lọ sí Kara láti lọ tún nǹkan ṣe, ọ̀gá àgbà wa sì ń kánjú. Àwọn ẹlòmíì ló wá. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi da gbogbo ohun tó wà nínú àpótí àtijọ́ sínú tuntun lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀rọ náà gbà pé nọ́ńbà Togo ni gbogbo wọn, ó bá fi àmì àròpọ̀ àti 228 síwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òdo tí a fi ń jáde nílé wa wà láàárín gbùngbùn níbẹ̀. Wọ́n gbìyànjú rẹ̀, wọ́n pe yàrá sí yàrá, wọ́n pe fóònù alágbèéká ọ̀gá àgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ tẹ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ẹ̀rọ. Gbogbo rẹ̀ dún. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ní ká tẹ gbogbo bọ́tìnnì wò lọ́kọ̀ọ̀kan kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọ̀gá àgbà ní, "Màdáàmù, ẹ jẹ́ ká ṣí i ná. Ìyókù di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀."

Ọjọ́ Jímọ̀ ló tẹ̀ lé e. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ọkọ Múnírátù gbé e wá, oyún àkọ́kọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi wọlé, ó ń bá mi ṣẹ̀fẹ̀, ó ní, "Ìyá Pakistan, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n fún mi ní yàrá tó ní afẹ́fẹ́." Àwọn agbẹ̀bí yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní kò séwu. Nígbà tó di àsìkò ìrun Jímọ̀, mo lọ sí mọ́sálásí. Òun gan-an ni mo lọ gbàdúrà fún.

Ìgbà tí mo lọ ni ọmọ náà há. Dókítà obìnrin tó wà níbẹ̀ ní iṣẹ́ abẹ ni, kí wọ́n pe Dókítà Edem. Dókítà Edem ló máa ń kun àwọn aláìsàn lóorun kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ, òun ló sì wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ilé rẹ̀ ní Sanguéra ló wà, ó ń retí ìpè. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Afi tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ohùn kan ní nọ́ńbà yẹn kò sí. Ó tún un tẹ̀. Ohùn kan náà. Nígbà àpótí àtijọ́, bọ́tìnnì kì í purọ́, nítorí náà Afi gbà pé dókítà ló pa fóònù rẹ̀. Kò sí fóònù alágbèéká lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn, kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń tì í mọ́ kí wọ́n tó wọ ilé ìbímọ, kò sì sẹ́ni tó mọ nọ́ńbà dókítà lórí nínú wọn. Wọ́n ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́, bóyá yóò ṣí i.

Nígbà tí mo dé, Bùràímọ̀ ń rìn síwá sẹ́yìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Afi ṣì ń tẹ bọ́tìnnì.

"Tántì, dókítà ti pa fóònù!"

Mo wo ojú fóònù náà. Mo rí òdo yẹn tó dúró síbi tí kò yẹ kó wà. Yéè!  Mo fa fóònù tèmi yọ lápò, orí ni mo ti ka nọ́ńbà rẹ̀. Kò dún lẹ́ẹ̀mejì tó fi gbé e.

"Tántì Sìdí? Ó yá?"

"Ẹ máa bọ̀. Múnírátù ọmọ mi ni. Ẹ máa bọ̀ kíákíá."

Ọkọ̀ kún ojú ọ̀nà. Ó fi mọ́tò rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá títì, ó gun ọ̀kadà tí a ń pè ní zémìjàn, ó sáré wọlé pẹ̀lú eruku lójú. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ náà. Múnírátù yè. Ọmọkùnrin ni ó bí. Kò ké. Dókítà obìnrin náà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Afi kọ́kọ́ tẹ bọ́tìnnì, ọmọ yẹn ì bá wà láàyè. Mo bi í kí ó má baà sí iyèméjì nínú ọ̀rọ̀ náà, ó sì fún mi ní èsì. Mo lọ sẹ́yìn yàrá sítáńdà àtijọ́, níbi tí a máa ń tọ́jú ìgbálẹ̀ sí, mo sunkún títí ojú mi fi wú.

Wọ́n sin ọmọ náà ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tí gbogbo èèyàn ń sọ níbẹ̀ ni pé dókítà kan pa fóònù rẹ̀ nítorí kó lè sùn. Bùràímọ̀ ní òun máa lọ bá a ní Sanguéra, òun á dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, òun á ṣépè fún un níṣojú àwọn aládùúgbò rẹ̀.

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà. Kò ní ká parọ́ o, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó kàn ní ká dákẹ́ ná, kí ọkàn wọn kọ́kọ́ rọlẹ̀.

Mo ní, "Ta ló máa dákẹ́? Dókítà Edem jókòó ti fóònù láti àárọ̀. Wọ́n ń fi orúkọ rẹ̀ sin òkú ọmọ. Ẹ gbé àpótí àtijọ́ padà sórí ògiri. Títí a ó fi yẹ gbogbo bọ́tìnnì wò, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi tuntun yìí pe ìta."

"Màdáàmù, ẹ ti bínú jù."

"Mo bínú. Mi ò sì ní dìde lórí àga yìí títí ẹ ó fi gbà."

 Nígbà tó rí i pé mi ò ṣàwàdà, ó pe àwọn òṣìṣẹ́ pé kí wọ́n gbé àpótí àtijọ́ wá.

Kọ́mlá ti Kara dé lọ́jọ́ kejì. Nígbà tó gbọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí símẹ́ńtì. Kì í ṣe òun ló dà á sínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n ó ní òun máa bá mi lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. A lọ sí Aflao-Gakli. Ó fi Mina ṣàlàyé fún Bùràímọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò fi ohunkóhun pamọ́. Bùràímọ̀ kò bú u. Èmi ló kọjú sí.

"Ẹ̀yin lẹ fi ọmọ ọmọ mi ránṣẹ́ sí Pakistan," ló wí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí ògiri, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọdún Iléyá.

Ṣùgbọ́n kò lọ sí Sanguéra. Múnírátù, tó dùbúlẹ̀ ní yàrá kejì, ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó pè mí.

"Màmá, dókítà yẹn, ṣé ó mọ̀ pé mò ń dúró dè é?"

"Kò mọ̀, ọmọ mi. Kò gbọ́ rárá."

Ó yí ojú padà. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ sinmi lórí iṣẹ́ yìí, ìbéèrè yẹn ló máa ń tì mí dìde.

Èmi àti Kọ́mlá bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́tìnnì àkọ́kọ́. Èyí tó bá jẹ́ nọ́ńbà, a yọ òdo ilé wa kúrò níbẹ̀, a kọ ọ́ pẹ̀lú àmì àròpọ̀ àti nọ́ńbà orílẹ̀-èdè tó ti wá. Àwọn kan wà tí kò ṣeé sọ di nọ́ńbà. Bí àpẹẹrẹ, ibi tí a ti ń tọrọ ẹ̀jẹ̀: wàá pè é, ohùn kan á dáhùn, wàá dúró, wàá tún wá tẹ nǹkan mìíràn kí o tó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń bójú tó ẹ̀jẹ̀ gan-an. Èmi fẹ́ fi agídí sọ ọ́ di nọ́ńbà.

Kọ́mlá ní, "Rárá, Tántì. Ohun tí ìka ń tẹ̀ ni èyí, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ bẹ́ẹ̀. A ó fi àmì rẹ̀ sí i lára, a ó sì kọ ilé tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ̀rọ mìíràn má baà rò pé nọ́ńbà ni."

Òtítọ́ ló sọ. Èmi mọ ìyàtọ̀ láti ìgbà rúlà, òun ló mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kó yé ẹ̀rọ. Kò sí èyí tó lè dá a ṣe nínú wa.

Lẹ́yìn ìyẹn, a pe gbogbo wọn. Mi ò gbà pé kí ó kàn dún. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn ẹni tó ni ín. "Àlóò, bọ̀nsúù, ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" Ọkùnrin kan ní òun kì í ṣe dókítà ojú, búrẹ́dì lòun ń tà, ṣé mo fẹ́? Obìnrin kan dáhùn ní nọ́ńbà dókítà kan tó ti kú, ó ní òun ṣì ń san owó ìlà náà kí òun lè máa gbọ́ kó dún. Mo bá a sọ̀rọ̀ fúngbà pípẹ́, Kọ́mlá ń dúró. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ṣé iṣẹ́ kò sí lọ́wọ́ mi ni. Mo ní iṣẹ́ gan-an ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Mo sọ ọ́ di òfin kí n tó fẹ̀yìn tì: kò sí bọ́tìnnì tí orúkọ èèyàn máa wà lára rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan ti gbọ́ ohùn ẹni náà lórí rẹ̀, bí wọ́n bá sì yí ohunkóhun padà nínú ẹ̀rọ, wọ́n á tún gbọ́ ọ. Afi ló ń ṣe é báyìí. Òun ni olórí àwọn nọ́ọ̀sì ilé ìbímọ, kò sì sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kó di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì nígbà tí Múnírátù tún lóyún. Gbogbo ẹbí ní kó má tún dé ilé ìwòsàn yẹn mọ́. Bùràímọ̀ ní òun ti bá a wá ibòmíì. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó jẹ́ kí wọ́n sọ tiwọn tán.

Ó ní, "Ibẹ̀ ni mò ń lọ."

Kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí ikùn rẹ̀ ti ga dáadáa, ó ní kí n sin òun lọ sí Tokoin láàárọ̀ ọjọ́ kan. A wọ ilé ìbímọ. Ó kí Afi, ó bi í pé fóònù wo ni wọ́n tẹ̀ lọ́jọ́ náà. Afi wò mí. Mo mi orí pé kó fi hàn án. Afi gbé fóònù náà síwájú rẹ̀. Múnírátù wá orúkọ Dókítà Edem lára rẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ sí i, ó tẹ̀ ẹ́.

Ó dún. A gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete.

"Àlóò, Edem ni. Ilé ìbímọ? Mò ń bọ̀."

"Rárá, dókítà, ẹ má bọ̀," Múnírátù wí. Faransé ni wọ́n ń sọ. "Ìrọbí ò tíì mú mi. Múnírátù ni mí, ọmọ Tántì Sìdí."

 Dókítà mọ̀ ọ́n. A gbọ́ ìró àga bó ṣe jókòó.

"Kí ni kí n ṣe fún yín, Màdáàmù?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ máa gbọ́ ni."

"Mo gbọ́ yín," ló wí. "Mo gbọ́ yín dáadáa."

Múnírátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀. Mo na ọwọ́ sí i pé ká máa lọ. Kò dìde. Ó ń wo bọ́tìnnì náà, ọwọ́ kan lórí ikùn rẹ̀, ó sì tún un tẹ̀.

Dókítà tún gbé e.